Bàrà Tí Ìyálé Ní Kò Tíì Gbó

Láyé ìgbà tí Zùwáírátù ṣì ń tajà ní Bódìjà, ẹni tó bá béèrè rẹ̀ lórúkọ lè rìn ká gbogbo ọjà kó má rí i. Ìyá Elétí ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe pé etí rẹ̀ tóbi o, iṣẹ́ tó ń fi etí ṣe ló sọ ọ́ lórúkọ. Bàrà ló ń tà, èyí tí àwọn ọmọ ìgboro ń pè ní wọtamẹ́lọ̀n, tí àwọn Hausa tó ń kó o wá láti Òkè Ọya ń pè ní kankana. Ẹni tó bá ti ra bàrà rí mọ̀ pé ọjà ẹ̀tàn ni: èèpo á máa dán lóde, inú á funfun bí ẹ̀gẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Zùwáírátù á gbé e lé itan, á fi ìka kàn án, á tẹ́tí sí i. Bó bá dún kén-kén bíi pákó, ọmọdé ṣì ni. Bó bá dún gbùm, tí ohùn náà ti inú lọ́hùn-ún wá, ẹ gé e láìbẹ̀rù. Bó bá sì dún pọ̀, tí kò sí ìdáhùn, ó ti kọjá nìyẹn, oúnjẹ ewúrẹ́ ni. A máa sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé bàrà kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí èèyàn ń gé ní tútù kó wá lọ bò ó mọ́lẹ̀ nílé. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti já a kúrò lára ìtàkùn, bó ṣe wà náà ló máa wà.

Orogún kan wà tí wọ́n jọ ń tajà. Àdùnní lorúkọ rẹ̀, Ìyá Rasheed. Àlàájì Mojeed, ọkọ àwọn méjèèjì, ló ń ti Òkè Ọya kó bàrà wọlé, ó sì pín ìsọ̀ kan ṣoṣo sí méjì fún wọn, bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe. Kí n má purọ́ fún yín, àwọn obìnrin yìí jà. Wọ́n jà lórí omi kànga, wọ́n jà lórí ìgbálẹ̀, wọ́n jà lórí ẹni tí Àlàájì kọ́kọ́ dá lóhùn nígbà tó ti Mẹ́kà dé. Ìgbà mìíràn wà tí wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí òṣùpá á fi lé, tí á tún fi wọ̀. Ṣùgbọ́n Àdùnní kì í gbẹ́kẹ̀ lé etí ara rẹ̀. Bí oníbàárà bá ní kó yan èyí tó gbó fún òun, tó sì jẹ́ pé àsìkò ìjà ni, yóò fi ẹsẹ̀ yí bàrà náà gbirigbiri lọ sọ́dọ̀ ìyálé rẹ̀ láìyanu. Zùwáírátù náà yóò kàn án láìwo ojú rẹ̀. Bó bá gbó, yóò yí i padà. Bí kò bá gbó, yóò tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo ọjà ló ti mọ̀ wọ́n mọ́ ọn, wọn kì í sì í dá sí i.

Nígbà tó yá, Àlàájì jáde láyé. Àwọn méjèèjì jọ ṣe opó nínú yàrá kan náà ní ilé wọn ní Àpáta, wọ́n sì jà lórí ẹni tí yóò sùn síbi fèrèsé. Wọn ò pẹ́ jáde opó tí Rasheed fi wá. Iṣẹ́ gidi ti bọ́ sí i lọ́wọ́, ó ti rẹ́ǹtì ilé ní ẹ́sítéètì Bódìjà, ìyàwó rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó ní kí ìyá òun máa bọ̀ wá bá àwọn tọ́jú ọmọ. Zùwáírátù ń ṣa ẹ̀wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù jáde. Ó ní kí wọ́n máa rìn dáadáa. Lọ́kàn rẹ̀, ó ní àlàáfíà dé, kò tún sẹ́ni tí yóò gbé ìgbálẹ̀ òun pamọ́ mọ́.

Àlàáfíà dé lóòótọ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Zùwáírátù á jí, á kírun, á gbá ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tẹ̀. Kaosarah, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ní Yola, ọjọ́ Jímọ̀ ló sì máa ń pè. "Mọ́mì, ṣé ẹ ti jẹun? Ara yín ń le? Ẹ má bínú, ẹnu iṣẹ́ ni mo wà, màá pè yín padà." Ìpè àpadà yìí kì í dé títí di Jímọ̀ mìíràn. Bọ́rọ̀ ṣe di pé Zùwáírátù ń dá oníròyìn rédíò lóhùn nìyẹn. Bí ọkùnrin náà bá ti ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará Ìbàdàn," òun náà á ní, "Káàárọ̀, ṣé dáadáa lo jí?" Lọ́jọ́ kan, ó wá ìgbálẹ̀ tì, ló bá figbe ta: "Ta ló tún gbé ìgbálẹ̀ mi nínú ilé yìí?" Kò sẹ́ni tó fèsì. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni òun fúnra rẹ̀ fi í sí. Ó jókòó lórí àpótí ìdáná, ó sì sunkún, àgbàlagbà obìnrin, nítorí pé kò rí ẹni di ẹ̀bi ìgbálẹ̀ rù.

Àárín ìgbà yìí ni bàrà kan hù lẹ́yìn balùwẹ̀, níbi tí omi ìwẹ̀ máa ń ṣàn gbà. Bóyá èso tó tu dànù lásìkò ààwẹ̀ ni, kò mọ̀. Ìtàkùn náà fà, ó tanná, ó so. Kòkòrò jẹ díẹ̀, ewúrẹ́ àdúgbò jẹ díẹ̀, ó wá ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Zùwáírátù kó ẹ̀gún yí ẹyọ yìí ká, ó tẹ́ koríko gbígbẹ sábẹ́ rẹ̀, ó sì ń kí i láràárọ̀.

Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé nígbà tí Àdùnní wá gbé ọlọ kan tó gbàgbé sílé. Sátidé ni, nítorí ọjọ́ náà ni ìyàwó Rasheed máa ń wà nílé ti ọmọ. Ó gba ẹ̀yìn balùwẹ̀ lọ, ó sì dá dúró.

"Háà! Ìyálé mi, ṣé ẹ̀yin lẹ gbin èyí?"

"Ọlọ́run ló gbìn ín. Má fọwọ́ kàn án o, ọwọ́ rẹ le."

"Ẹ ṣàánú mi, tó bá ti gbó, ẹ jẹ́ ká jọ jẹ ẹ́. Àwọn èyí tí wọ́n ń gé sínú ọ̀rá kiri àdúgbò wa, omi lásán ni. Ìgbà wo ló máa gbó?"

"Wá ní Sátidé tó ń bọ̀. A máa wò ó."

Kí Sátidé náà tó mọ́ dáadáa, Zùwáírátù ti wà lẹ́yìn balùwẹ̀. Okùn tín-ín-rín tó máa ń kákò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn bàrà ti gbẹ. Ikùn rẹ̀ tó fi kanlẹ̀, tó funfun tẹ́lẹ̀, ti di àwọ̀ ìyeyè. Ó kàn án. Gbùm. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó rẹ́rìn-ín níkan. Ó pọ́n ọ̀bẹ, ó fọ àwo ńlá, ó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Nígbà tí Àdùnní dé, ńṣe ni ilé kún. Ó ra àkàrà bọ̀, ó ju gèlè sórí àga, ó ní ta ló kó ife sí ìdí fíríìjì, ó bu omi mu, ó bú àwọn awakọ̀ Máíkírà Dùgbẹ̀ pé wọ́n ń kó èèyàn bí ẹní kó iṣu. Zùwáírátù dúró, ó ń gbọ́ ariwo náà bí ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ. Àdùnní wá ní, "Mi ò ní pẹ́ o, Ìyálé mi. Ká jẹ bàrà wa kí n máa lọ."

Kí n máa lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Zùwáírátù lára ju ọyẹ́ lọ. Ọlọ ti lọ, ẹrù yòókù ti lọ. Bí wọ́n bá jẹ bàrà yìí tán, kí ni Àdùnní tún fẹ́ wá ṣe ní Àpáta? Ó mú un lọ sẹ́yìn balùwẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kan bàrà, ó káwọ́ sétí bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn láti ọ̀nà jíjìn.

Ó ní, "Kò tíì gbó."

"Kò tíì gbó? Pẹ̀lú bó ṣe tóbi yìí?"

"Títóbi kọ́ ni gbígbó. Wá ní Sátidé tó ń bọ̀."

Ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí, ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Ẹni tí ilé kún fọ́fọ́ kò mọ ohun tí ẹni tó ń dá gbé lè ṣe nítorí àlejò kan. Àdùnní padà wá lóòótọ́. Ó tún padà wá lẹ́yìn ìyẹn. Sátidé di ọdún fún Zùwáírátù, láti ọjọ́ Àlàmísì ló ti ń wá ẹja tútù kiri. Bí wọ́n bá jẹun tán, Àdùnní á fà á mọ́ra, á tú irun rẹ̀, á sì dì í. Ó ti pẹ́ tí ọwọ́ ẹlòmíràn ti kan orí Zùwáírátù gbẹ̀yìn. Wọ́n á wá jà díẹ̀, kí ẹnu má baà gbàgbé ìjà. Zùwáírátù á ní Àlàájì kò fẹ́ràn ṣúgà, Àdùnní á ní yàrá tòun ló ti ń lá a, ìyálé á pòṣé, ìyàwó á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Bí oòrùn bá ti rọ̀, wọ́n á lọ sẹ́yìn balùwẹ̀, Zùwáírátù á kan bàrà, á sì mirí.

Irọ́ ní ẹrù tirẹ̀, ó sì wúwo fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rù. Zùwáírátù já okùn gbígbẹ yẹn sọnù kí Àdùnní má baà rí i. Ó kó ewé bo ikùn bàrà tó ti pọ́n. Lórí ẹní ìkírun, ó máa ń ṣèlérí pé ní Sátidé yìí òun á sọ òtítọ́, Sátidé á dé, ẹnu á sì wúwo. Gbogbo ìgbà yìí, bàrà ò dúró de ẹnikẹ́ni. Gbùm náà ń rẹlẹ̀ sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kàn án, ó sì dún pọ̀. Ó tún un kàn ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Pọ̀. Ó fi ọwọ́ lé e lórí, ó ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹní bẹ ọmọ tó ń ṣàìsàn.

Síbẹ̀, nígbà tí Àdùnní dé, ọ̀rọ̀ kan náà ni Zùwáírátù tún sọ. Àdùnní wò ó lójú.

"Ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, Ìyálé mi. Ẹ jẹ́ ká máa retí."

Sátidé tó tẹ̀lé e, kò wá. Ẹja tó ti sè tutù sínú ìkòkò. Zùwáírátù pè é lórí fóònù, ohùn kan ní nọ́ńbà náà kò lọ. Ó pè é títí iná fóònù fi kú. Ó dá a lójú pé Àdùnní ti já irọ́ òun, pé inú ti bí i, pé ó ti parí. Ohun tó yẹ kó ṣe kò ṣòro: kó wọ ọkọ̀ lọ sí Bódìjà. Ṣùgbọ́n ìyálé kì í ṣíwájú lọ kí ìyàwó. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn, bí òun náà ṣe dì í mú nìyẹn, kò sì tíì tẹ ilé Rasheed láti ọjọ́ tí Àdùnní ti kó lọ síbẹ̀. Ó jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí títí ilẹ̀ fi ṣú, rédíò ń sọ̀rọ̀, kò sì dá a lóhùn.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, ó mú ọ̀bẹ, ó gé bàrà kúrò lára ìtàkùn, ó fi ògbólógbòó ìró dì í, ó sì wọ Máíkírà lọ sí Dùgbẹ̀. Ó wọ òmíràn níbẹ̀ tó ń lọ sí Bódìjà. Ó gbé ẹrù rẹ̀ lé itan bí ìyá ọmọ. Dírẹ́bà wò ó nínú dígí, ó ní, "Ìyá, wọtamẹ́lọ̀n yìí mà tóbi o. Ṣé ó gbó?" Zùwáírátù, tí gbogbo ọjà ti ń bi ní ìbéèrè yìí látọjọ́ tó ti jẹ́ ọ̀dọ́, yí ojú sí fèrèsé. Ó ní òun ò mọ̀.

Ẹni tó tọ́ka ilé hàn án ní ẹ́sítéètì ló bá a kan géètì. Àdùnní fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Nígbà tó rí ẹni tó dúró síta, ó kúnlẹ̀ kí i.

"Ìyálé mi! Ẹ̀yin? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. O ò wá lánàá."

"Ẹ dákun, ọmọ ló ju fóònù mi sínú omi. Ẹ wọlé, ẹ wọlé."

Pálọ̀ kún fún àpótí àti páálí tí wọ́n fi okùn dì. Wọ́n ti ṣí kọ́tìnì kúrò lára fèrèsé. Àdùnní bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé láìwo ojú ìyálé rẹ̀. Àwọn ọ̀gá Rasheed ti gbé e lọ sí ẹ̀ka wọn ní Àbújá. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ti jáde lọ wá ọkọ̀ tí yóò kó ẹrù. Ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n ń lọ. Ó ní ọjọ́ pẹ́ tí òun ti fẹ́ sọ ọ́, pé gbogbo Sátidé ni òun ń gbé e wá sí Àpáta, tí òun sì ń gbé e padà.

Zùwáírátù gbọ́ ọ. Ó tú ìró, ó gbé bàrà sílẹ̀.

"Mo gbé e wá. Ó ti gbó."

Àdùnní wá ọ̀bẹ àti àwo rí nínú páálí kan. Ọ̀bẹ kò tíì wọlé tán tí bàrà fi là fúnra rẹ̀. Omi kíkan tú jáde, ó kọjá àwo, ó ṣàn sórí ilẹ̀, ó sì gba abẹ́ àpótí lọ. Inú rẹ̀ ti wó, ó ti rà, àwọn èso dúdú ń léfòó nínú rẹ̀. Òórùn rẹ̀ gba pálọ̀ kan.

Zùwáírátù ní, "Irọ́ ni mo pa fún ọ. Láti Sátidé àkọ́kọ́ ló ti gbó."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀?"

"Ìyálé mi, bí mo ṣe jókòó tì yín pẹ́ tó nínú ìsọ̀ yẹn, ṣé adití ni mí ni? Lójú mi lẹ kàn án, mo gbọ́ bó ṣe dún. Mo ní bí Ìyá Kaosarah bá lè fẹnu ara wọn sọ pé bàrà tó gbó kò gbó, a jẹ́ pé wọ́n fẹ́ kí n padà wá. Ìdí tí mo fi ń padà wá nìyẹn."

Ìtìjú bo Zùwáírátù, ṣùgbọ́n ìtìjú kọ́ ló kún ọkàn rẹ̀ jù. Ó rí àwọn àpótí. Ó rí i pé ọ̀sẹ̀ yìí á parí, Sátidé á sì dé. Obìnrin yìí kò bẹ ẹnikẹ́ni rí, kò bẹ Àlàájì nígbà tó ń fẹ́ ìyàwó lé e, kò bẹ oníbàárà. Ó wá di ọwọ́ Àdùnní mú pẹ̀lú omi bàrà tó wà lára rẹ̀.

"Àdùnní, ilé yẹn ti tóbi jù fún mi. Mi ò rí ẹni bá jà. Mi ò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Má bá wọn lọ. Padà wálé, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́."

 Àdùnní ń wo ọwọ́ tó di tirẹ̀ mú.

"Ìyálé mi, ọjọ́ tí Rasheed wá mú mi, àárọ̀ kùtùkùtù ni mo ti di ẹrù mi tán. Orí àpótí mi ni mo jókòó sí nínú yàrá títí di ìrọ̀lẹ́. Rasheed ń pariwo pé ká máa lọ, mo ní kó ní sùúrù, ẹsẹ̀ ń dùn mí. Kò sí ẹsẹ̀ tó ń dùn mí. Mò ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń ṣa ẹ̀wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mò ń retí kí ẹ yọjú sẹ́nu ọ̀nà kí ẹ ní, Àdùnní, má lọ. Ká ní ẹ sọ ọ́ ni, ǹ bá tú ẹrù mi."

"Nísinsìnyí ńkọ́?"

"Nísinsìnyí, ọmọ yìí kì í sùn bí kò bá sí lẹ́yìn mi. Èmi ló mọ̀ ní ìyá. Mo ti sọ fún wọn pé mò ń bá wọn lọ."

Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ọmọ náà jí nínú yàrá, ó sì bú sẹ́kún. Àdùnní fa ọwọ́ rẹ̀ yọ jẹ́jẹ́, ó ní, "Ẹ dákun, mò ń bọ̀," ó sì sáré wọlé lọ. Zùwáírátù gbọ́ ohùn rẹ̀ níbi tó ti ń rẹ ọmọ lẹ́kún, ó ń pe oríkì rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín fún un. Ó dá jókòó láàárín àwọn àpótí. Nígbà tó ṣe, ó wá àkísà kan rí, ó káṣọ sókè, ó kúnlẹ̀, ìyálé nínú ilé ìyàwó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu omi bàrà kúrò nílẹ̀. Ó nù ún láti ìdí àwo dé abẹ́ àwọn páálí, ó fún àkísà, ó sì tún padà nu ibi tó ti nù tẹ́lẹ̀. Kò yára, nítorí bó bá ti parí, ilé ló kù.